Ọ̀dà Kò Bo Ohun Tí Iná Kọ

Bí adìẹ bá lè jẹ́rìí níwájú ìtẹ́ ìdájọ́, àwọn ẹlẹ́rìí Láolú Oyèdìran ì bá tò láti Agége títí dé Maryland.

Ajàfẹ́tọ̀ọ́ ẹran ọ̀sìn ni. Ohun tí ó ń fi ayé rẹ̀ jà fún ni pé kí ènìyàn má ṣe fi ìyà jẹ ẹran kí ó tó pa á jẹ. A máa dúró ní ibùdókọ̀ Maryland, a máa pín ìwé pélébé fún àwọn tí ń kọjá. Bí ó bá rí ọlọ́kadà tí ó so adìẹ pọ̀ ní ẹsẹ̀, tí ó fi wọ́n kọ́ sára ọ̀kadà, tí orí wọn ń gbọ̀n nísàlẹ̀, yóò sáré tẹ̀lé e.

"Gbé orí rẹ̀ sókè! Ṣé bí wọ́n ṣe máa gbé ìwọ náà nìyẹn?"

"Bàbá Aládìẹ, ẹ pẹ̀lẹ́ o! Tá a bá délé, màá fún un ní ìrọ̀rí!" Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́kadà yóò dá a lóhùn, yóò sì fi èéfín sílẹ̀ fún un.

Má ṣe rò pé a kọ ìwé yìí láti fi àánú ẹran ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó dá ènìyàn ni ó dá adìẹ, kò sì dá a fún ìyà. Ohun tí Láolú ń sọ, òtítọ́ ni. Ọkàn tí ó fi ń sọ ọ́ ni ó bàjẹ́.

Lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ó kọ ọ̀rọ̀ Bíbélì kan sí, èyí tí ó wí pé olódodo a máa náání ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀ nínú Bíbélì. Láolú mú ààbọ̀ tí ó dùn mọ́ ọn, ó gbé e wọ̀. Ó di olódodo nípa ṣẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọtí. Kì í ṣe obìnrin. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lábẹ́ ọ̀run àfi ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìfura ni oògùn àgbà. Láolú sọ oògùn náà di oúnjẹ. Ó ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, ó ń jẹ ẹ́ lálẹ́.

Bí àwọn ilé iṣẹ́ adìẹ ní Oregun bá ti géètì wọn, ó ní ẹnìkan ti lọ sọ fún wọn pé òun ń bọ̀. Bí wọ́n bá ṣí i, ó ní ìdẹkùn ni. Kò sí ìgbà tí ó máa jáde fún iṣẹ́ rẹ̀ tí kì í pa fóònù, nítorí ó dá a lójú pé àwọn ọ̀tá ń fi í tọpa òun. Bí ìyàwó rẹ̀, Moyọ̀sọ́lá, bá gba ìpè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò béèrè ẹni tí ó pè é. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí obìnrin náà wà ní balùwẹ̀, ó tú báàgì rẹ̀ wò. Kò rí ohun kan níbẹ̀ ju àtíkè àti ìwé orin ìjọ lọ. Moyọ̀sọ́lá jáde, ó bá a lẹ́nu rẹ̀.

"Kí lò ń wá?"

"Tí kò bá sí ohun tí o fi pamọ́, kí ló ń dùn ọ́?"

Moyọ̀sọ́lá kò jà. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Láolú sì wí fún ara rẹ̀ pé, "Mo mọ̀. Ó ti gba tiwọn." Wo irú ọkàn tí ó jẹ́! Ó lé ìyàwó rẹ̀ lọ, ó sì fi lílọ tí ó lọ ṣe ẹ̀rí.

Ní ọdún náà, olóko adìẹ kan fẹ́ pa oko rẹ̀ tì. Ó fẹ́ ta àwọn àgbà adìẹ tí wọ́n ti yé ẹyin tán fún àwọn alápatà. Láolú bẹ̀ ẹ́ títí ó fi kó wọn fún un. Ó ní ikú Ọlọ́run ni yóò pa wọ́n, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ó háyà ilé ìkẹ́rù kan tí ó wà lẹ́yìn ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé ní Ifakọ̀-Ìjàyè: ògiri búlọ́ọ̀kù, òrùlé páànù, fèrèsé kan péré. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó ní kí bíríkìlà dí fèrèsé náà pa. Ó ra fáànù kan sínú rẹ̀, ó ní atẹ́gùn ti tó. Ìgbà náà ni ó wá ránṣẹ́ pe Reuben pé kó wá ṣe ilẹ̀kùn irin.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni Reuben. Ajórin ni ní Agége, ọmọ ìjọ Aládúrà, ẹni tí ó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ilẹ̀kùn náà wá, ó sì wo ibi tí wọ́n dí.

"Láolú, fèrèsé ibí yìí dà? Jẹ́ kí n la ojú kékeré kan sókè, kí n fi àwọ̀n irin bò ó."

"Fèrèsé ni olè máa ń kọ́kọ́ wò."

"Olè wo? Adìẹ tí egungun rẹ̀ ti le bí igi ìrókò! Ta ló fẹ́ fi eyín ara rẹ̀ ṣòfò?"

"Ẹni tó bá ń sọ pé kò sí ohun tí olè máa jí, òun gan-an ló yẹ ká máa ṣọ́."

Reuben bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ mi, o ti kúrò ní aláàánú adìẹ. O ti di wọ́dà."

Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó sì parí rẹ̀ bí àwọn ajórin ṣe máa ń parí iṣẹ́. Ìwọ náà ti rí i lára géètì káàkiri ìlú: ẹni tí ó bá ṣe ilẹ̀kùn a máa kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i lára. Ọ̀dà ni àwọn ẹlòmíràn fi ń kọ tiwọn. Iná ìjórin ni Reuben fi ń kọ tirẹ̀. A máa yọ lára irin bí àpá gbẹ́rẹ́.

Láolú fajú ro. "Kí ni nọ́ńbà rẹ ń ṣe lára ilẹ̀kùn mi?"

"Kí ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ lè pè mí ni. Kí ìwọ náà lè pè mí tí nǹkan bá ṣe é."

"Kí ló máa ṣe é?"

Reuben gbé ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ sílẹ̀. "Láolú, o ń ti gbogbo ilẹ̀kùn. O ti tì í mọ́ ìyàwó, o ti tì í mọ́ ará ilé. Jésù wà lẹ́nu ọ̀kan o. Má lọ tì í mọ́ Òun náà."

"Kí ni wọ́n máa fún ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín tí o bá mú mi wá?"

"Wọn ò fún wa ní nǹkan kan. Ẹni tó bá mú àlejò wá, òun ló máa dìde dúró kí àlejò lè rí àga."

Láolú kò rẹ́rìn-ín. Bí Reuben ti lọ tán ni ó sọ àgádágodo tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a rà nù, ó ra òmíràn. Ó mú ọ̀dà dúdú, ó kùn ún bo nọ́ńbà náà. Nígbà tí ó gbẹ, ó tún un kùn. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹni tí ó ṣe ilẹ̀kùn ni ó mọ bí a ti ń já a; bóyá àmì ni nọ́ńbà yẹn, bóyá àwọn kan ń bẹ tí ó fẹ́ fi ilẹ̀kùn náà hàn.

Ìyá Tóyọ̀sí, onílé rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá Aládìẹ, fi kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀ fún mi. Tó o bá pẹ́ lóde, màá bá ọ bomi fún wọn."

"Ẹ ṣé, mà. Mo ti bomi fún wọn."

Ọbẹ̀ ọjọ́ Àìkú ni ó rò pé ìyá arúgbó náà ń wá. Ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn ara rẹ̀.

Ọjọ́ kan dé nínú oṣù kẹta, nígbà tí òjò ṣì kọ̀ tí kò rọ̀, tí páànù ń ké lórí ilé nítorí ooru. Láolú gbé pátákó rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ kan ní Oregun tí wọ́n ti ń pa adìẹ. Ó pa fóònù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ń kígbe nínú oòrùn pé ẹni tí ó há ẹ̀dá aláàyè mọ́ ibi tí kò ti lè mí, apààyàn ni. Ní wákàtí yẹn gan-an, wọ́n mú iná lọ ní Ifakọ̀-Ìjàyè, fáànù sì dúró.

Ìyá Tóyọ̀sí gbọ́ ariwo adìẹ. Ìyẹn kò dẹ́rù bà á. Ohun tí ó dẹ́rù bà á ni pé ariwo náà ń rẹlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ilẹ̀kùn, ó rí ẹnu adìẹ tò ní ìlà, wọ́n yà á sílẹ̀, wọ́n ń fa atẹ́gùn ìta.

Ó pe Láolú. Fóònù ti kú. Ó tún pè é. Ó figbe ta. Teslim, ọmọ àdúgbò tí ń wa kẹ̀kẹ́, sáré wọlé, ó da omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó fi ọwọ́ ti irin náà, ó sì yára fà á sẹ́yìn nítorí pé ó gbóná. Lẹ́yìn náà ó tún gbé ọwọ́ padà.

"Màmá, nǹkan wà níbí. Ẹ fọwọ́ kàn án. Nǹkan wà lábẹ́ ọ̀dà yìí."

Ọ̀dà kò lè bo ohun tí iná kọ. Teslim fi ìka tọ àwọn nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá ń tẹ̀ ẹ́. Reuben gbé ìpè náà.

Ó fi iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá. Kò sí iná tí yóò fi lo ẹ̀rọ, nítorí náà ayùn irin ni ó fi gé híńjì, títí òógùn rẹ̀ fi ń kán sórí irin. Ilẹ̀kùn wó. Ooru jáde bí ìgbà tí a ṣí ààrò búrẹ́dì. Adìẹ tí ó ti kú gun ara wọn lórí nínú igun. Àwọn tí ẹ̀mí ṣì wà lára wọn, Reuben ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́ àyà, ó ń ti ẹsẹ̀ wọn bọ omi, ó ń gbé wọn sábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí ibẹ̀ kún, ó gbé méjì mọ́ abíyá, ó jáde sí òpópónà láti gbé wọn lọ sí ìbòji ilé kejì, níbi tí omi ẹ̀rọ wà.

Bí Láolú ti ń bọ̀ láti Oregun nìyẹn. Láti ọ̀nà jíjìn ni ó ti rí géètì tí ó ṣí sílẹ̀, tí ó sì rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ń yára lọ pẹ̀lú adìẹ lábíyá. Kò béèrè. Gbogbo ìfura tí ó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ wá gba ẹnu rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Olè! Ẹ mú un! Olè!"

Ìwọ tí ń gbé Èkó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í pẹ́ kó tó ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Àwọn géńdé tí kò mọ Reuben rí ya bò ó. Wọ́n fi igi lù ú. Kò fi ọwọ́ bo orí, nítorí àwọn adìẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí apá rẹ̀ kán ni ó tó jù wọ́n sílẹ̀. Wọ́n gbá a ní ẹsẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n ń wọ́ ọ lọ sí oríta. Ẹnìkan ti ń béèrè táyà.

Láolú dúró, ó ń wò ó. Ẹsẹ̀ lókè. Orí nísàlẹ̀, ó ń gbá ilẹ̀. Ọwọ́ méjì tí ó fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìyẹ́. Ó ti rí àwòrán yìí lára gbogbo ọ̀kadà tí ó ti lé rí ní Maryland. Ó ti kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há nítorí adìẹ. Nísinsìnyí ènìyàn ni, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fà á lé wọn lọ́wọ́.

Ìyá Tóyọ̀sí sáré jáde láìwọ bàtà, ó da ara rẹ̀ bo Reuben. "Èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa! Ẹ bi í léèrè! Ẹ bi Bàbá Aládìẹ léèrè bóyá olè ni!"

Gbogbo ojú yí padà sí Láolú. Ẹ̀mí ènìyàn kan dúró lórí ahọ́n rẹ̀. Ó wo aṣọ Reuben, ó rí i pé omi ti mú un rin, ìyẹ́ adìẹ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó wo inú géètì, ó rí àwọn adìẹ tí wọ́n ń mu omi lábẹ́ máńgòrò. Ohun gbogbo yé e.

"Kì í ṣe olè," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde.

"Kí ló wí?"

Ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀. "Kì í ṣe olè! Ọ̀rẹ́ mi ni. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀, èmi ni kẹ́ ẹ mú."

Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n fi èébú wẹ Láolú, wọ́n sì tú ká. Òun àti ìyá gbé Reuben sínú kẹ̀kẹ́ Teslim. Ní ojú ọ̀nà, Teslim kò wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó bá a sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé orí rẹ̀ sókè."

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n di apá Reuben, wọ́n rán orí rẹ̀. Láolú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Síbẹ̀ ìfura kò tíì kú nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ìjọ Reuben wọlé nínú sùtánà funfun, ó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà sá, nítorí ó rò pé wọ́n wá gbẹ̀san ni. Bàbá kan nínú wọn tí ó ti rí àga jókòó wò ó, ó mọ̀ pé òun ni ó fa ọ̀ràn náà. Ó dìde kúrò lórí àga rẹ̀, ó ní, "Ẹ jókòó." Ọ̀rọ̀ àga tí Reuben sọ wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún.

Nígbà tí Reuben la ojú kan tí ó ṣeé là, ó ní, "Àwọn adìẹ ńkọ́?"

Láolú sọkún. "Ìwọ ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, adìẹ lò ń béèrè?"

"Láolú, nígbà tó o rí mi, kí lo rò pé mo wá ṣe?"

"Mo rò pé o wá jí wọn."

"Kí lo rò pé Jésù wá ṣe?"

Láolú nu ojú rẹ̀. Reuben ni ó dáhùn ìbéèrè ara rẹ̀.

"Bákan náà ni. O rò pé Ó wá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Gbogbo ìgbà tí mo bá dárúkọ Rẹ̀, àpò lo máa ń dì mú. Òun náà, wọ́n pariwo lé E lórí, wọ́n sì kàn Án mọ́ àárín olè méjì. Ilẹ̀kùn ló wá já, kí ẹni tó há síbẹ̀ lè mí." Ó fi ọwọ́ tí kò kán tọ́ka sí ẹ̀yìn Láolú. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ yẹn, o tiẹ̀ kà á tán rí?"

Bàbá náà ṣí Bíbélì rẹ̀, ó nà án sí i. Láolú ka ààbọ̀ tí ó mọ̀. Lẹ́yìn náà ó ka ààbọ̀ kejì, èyí tí ó wí pé àánú tí ẹni búburú ń ṣe pàápàá, ìkà ni. Ó tún un kà. Ó rí ilé tí kò ní fèrèsé. Ó rí ẹnu adìẹ lábẹ́ ilẹ̀kùn, èyí tí ìyá ròyìn fún un. Ó rí Moyọ̀sọ́lá tí ó ń di ẹrù. Àánú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Àánú tí ó fi há wọn mọ́, tí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn.

Ó kúnlẹ̀ láàárín ibùsùn àti ògiri. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. Àdúrà tí ó ti ọkàn wá kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. "Jésù Olúwa, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé olè ni Ọ́. Dárí jì mí. Wá já a."

Ó sì já a. Láolú kò jáde níbẹ̀ bí ó ti wọlé.

A kò ní parọ́ fún ọ pé gbogbo nǹkan padà sí bí ó ti wà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn adìẹ náà kú. Apá Reuben kò tọ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Láolú lọ bá Moyọ̀sọ́lá ní Ìjẹ̀bú, ó jẹ́wọ́, kò wí àwíjàre. Moyọ̀sọ́lá ní, "Mo gbọ́. Màá ṣì máa wò ẹ́ ná." Láolú mọ̀ pé ìfura tí òun gbìn ni òun ń ká, ó ń ká a pẹ̀lú sùúrù. Ó ṣì ń dúró ní Maryland, ó ṣì ń bá ọlọ́kadà wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti pé, ẹni tí ó bá sì kà á dé òpin a máa bá òun fúnra rẹ̀ pàdé níbẹ̀. Ilé ìkẹ́rù náà ti ní fèrèsé. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Ìyá Tóyọ̀sí. Láolú fi ìwé ìharin ha ọ̀dà dúdú náà kúrò lára ilẹ̀kùn, nọ́ńbà Reuben sì hàn gbangba nínú oòrùn.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, kí ni ìwọ fi kun ilẹ̀kùn tìrẹ? Iṣẹ́ rere? Ọrẹ fún aláìní? Ìjọ tí wọ́n bí ọ sí? O ti kùn ún lẹ́ẹ̀kan, o tún un kùn, o ní o kì í ṣe apààyàn, o kì í ṣe ọ̀mùtí. Láolú náà kì í ṣe ọ̀mùtí. Ààbọ̀ òdodo ni ó wọ̀, ààbọ̀ òdodo kò sì bo ìhòòhò ẹnikẹ́ni.

O ń fura sí oníwàásù. O ń fura sí ìwé yìí gan-an. O ń béèrè ohun tí ẹni tí ó fún ọ máa rí gbà níbẹ̀. Kò sí ohun tí ó máa gbà. Fura sí ọkàn ara rẹ, nítorí òun ni ó ti ilẹ̀kùn náà, fáànù tí o gbẹ́kẹ̀ lé sì lè dúró lọ́sàn-án òní, láìsọ fún ọ.

Ẹni tí ó ṣe ọkàn rẹ ti fi iná kọ orúkọ Rẹ̀ sí i. Ọ̀dà rẹ kò pa á rẹ́. Fi ọwọ́ kàn án, ìwọ yóò bá a níbẹ̀. Má dúró de ọ̀la. Ẹni tí ó há sínú ooru kì í dá ọ̀la.

Àwọn adìẹ wọ̀nyẹn kò lè pe ẹni tí yóò tú wọn sílẹ̀; ẹlòmíràn ni ó bá wọn pè é. Ìwọ ní ẹnu. Pè É.